Bẹ́líìtì Tó Ń Ké Bí Ẹyẹ

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ẹ bá mi kí Ìyá, ẹ sọ fún wọn pé aṣọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá mi mu bí ẹni pé wọ́n wọn ara mi kí wọ́n tó gé e. Ó jọ pé ojú ìyá kò nílò okùn ìwọ̀n.

Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi kò gbádùn. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe níbí kì í ṣe ti ìjókòó sí ọsibítù. Ilé àwọn arúgbó ni mo ń wa ọkọ̀ kiri láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ilé mẹ́jọ lójúmọ́ nígbà mìíràn. Mò ń wẹ ojú egbò, mò ń ka oògùn, mo sì ń dá ẹjọ́ tí wọn kò pè mí sí. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá ti ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀, ńṣe ló máa ń ké bí ẹyẹ tí ológbò gbá mú.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà ní igun àdúgbò wa. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò tẹ́tí sí i tó ìṣẹ́jú kan, ó ní bẹ́líìtì ni, kí n pààrọ̀ rẹ̀, kí n pààrọ̀ pọ́ǹpù omi, kí n sì pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná. Mo bi í pé èwo gan-an ló ń ké nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní bí a bá pààrọ̀ gbogbo wọn, èyí tó ń ké á ṣáà wà nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ ní Pààrọ̀-gbogbo-ẹ̀.

Ọ̀gá wa obìnrin kò rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn ará ilé kan ti lọ fẹjọ́ ariwo sùn ún, mo sì ti pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìparí oṣù kẹfà ni ìwé iṣẹ́ mi máa parí. Ó ti sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá ṣeé gbára lé, òun ò ní fi ọwọ́ sí ìwé tuntun fún un.

Bàbá, gbogbo ìlú ló ń pè yín ní Gbọ́hùn-mọ̀dí. Ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbọ́ ohùn ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì, tó sì ń sọ ohun tó ń ṣe é. Mo pè yín lórí fóònù ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dún títí tó fi dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ní Sátidé, ẹ gbé e. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo máa gbé fóònù sí, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ.

Ọmọ yín,
Sípánà

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Sípánà ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé ara le. Ẹsẹ̀ mi ti fúyẹ́, àfi bí mo bá fẹ́ dìde lábẹ́ ọkọ̀ ló máa ń rántí ọjọ́ orí rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ ti ọ̀rọ̀ ìyá rẹ kúrò lọ́nà. Bí mo ṣe ka ìwé rẹ, mo sọ fún un pé bẹ́líìtì ọmọ yìí ń ké, mo sì kọjá sẹ́yìn ilé lọ fọwọ́. Kí n tó padà dé, ó ti dorí ọ̀rọ̀ náà kodò, ó ní o ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́líìtì ìdí rẹ fi ń mì tó ń dún. Ó ti fa aṣọ kan yọ, ó ti ń dín ìdí rẹ̀ kù. Mo ṣàlàyé títí pé bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ni. Ó wá bi mí bóyá ẹ́ńjìnnì náà ni kì í jẹun.

Ti fóònù, má dà mí láàmú. Fóònù kì í sọ òtítọ́ nípa ẹ́ńjìnnì. Ohùn tó bá wọlé bí àgbà, bí ọmọdé ló máa ń jáde. Kọ ọ́ sínú ìwé, èmi á kà á.

Má jẹ́ kí Pààrọ̀-gbogbo-ẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló yí gbogbo àwọn tó dárúkọ wọn yẹn po, bí okùn tí àwọn ará ilé kan jọ ń fà. Bí ẹnì kan bá fà á wọ́, okùn ló máa ké, kì í ṣe ẹni tó jẹ̀bi. Bí o bá pààrọ̀ okùn tí o kò bá ẹni náà wí, kò ní pẹ́ tí èyí tuntun náà á bẹ̀rẹ̀ igbe. Abèèrè kì í ṣìnà, torí náà dá mi lóhùn, má sì fi nǹkan kan pamọ́:

Ṣé àárọ̀ nìkan ló ń ké, àbí bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán náà? Ṣé igbe gígùn ni, fííìn, bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, àbí ó ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, kí-kí-kí, bí òròmọdìyẹ? Àbí ó ń kùn hùnnn bí àgbàlagbà tó ń sùn? Bí o bá yí síárìn tí o fi ń tọ́ ọkọ̀ dé òpin, ṣé ó ń pọ̀ sí i? Bí o bá tan gbogbo iná ńkọ́? Bí o bá tẹ epo, ṣé ohùn náà ń yára, àbí ó dúró sójú kan?

Inú ẹ̀rọ ni wọ́n bí ọ sí. Irin sípánà lo fi hu eyín, ibẹ̀ lorúkọ rẹ ti wá. Kò yẹ kí n máa bi ọ́ léèrè bí àlejò.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá pé mo sanra. Bí wọ́n bá dín ìdí aṣọ náà kù, orí ni mo máa wọ̀ ọ́ sí.

Ìdáhùn rèé. Kí-kí-kí ni, Bàbá, òròmọdìyẹ gan-an. Àárọ̀ ló ń pọ̀ jù, pàápàá bí ìrì bá sẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ó máa ń rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lọ tán. Mo yí síárìn, mo tan iná, kò yí padà. Bí mo bá tẹ epo, á bẹ̀rẹ̀ sí í yára kíkíkíkí bí ẹni tó ń rojọ́ kí wọ́n má baà já a lẹ́nu.

Ìyá àgbà kan wà nínú àwọn tí mò ń tọ́jú, ọ̀gá ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Àrùn àtọ̀gbẹ ń ṣe é, a sì ti kìlọ̀ ṣúgà fún un. Òun nìkan ló bẹ̀ mí pé kí n má tún ọkọ̀ ṣe. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí tí mo fi gbé ìrọ̀rí rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, tí súìtì bí ogún sì dà sílẹ̀. Bó bá ti gbọ́ kí-kí-kí lójú títì ló máa ń palẹ̀ mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo tún pè yín ní Sátidé àti ní Àìkú. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé, àpò ṣòkòtò iṣẹ́ yín ló ń gbé. Ó lé ní ọdún kan tí mo ti gbọ́ ohùn yín gbẹ̀yìn. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi.

Ọmọ yín,
Sípánà

*

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Sípánà,

O dáhùn dáadáa. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni kò lè sọ ju pé ọkọ̀ ń pariwo.

Bó bá jẹ́ pé ó ń pọ̀ sí i nígbà tí o yí síárìn ni, ǹ bá ní bẹ́líìtì ló dẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ń kùn ni, ǹ bá ní bọ́ọ̀lù inú púlì kan, àwọn kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí, ló ti jẹ. Ṣùgbọ́n kí-kí-kí tó ń bá epo yára, mo fura pé bẹ́líìtì kò rin títọ́. Ìfura lásán sì ni. Ṣe èyí fún mi kó lè dá wa lójú.

Wá ìgò tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kó sì máa ké. Fọ́n omi díẹ̀ sí inú bẹ́líìtì, níbi tó ní ìlà-ìlà. Bí igbe náà bá pọ̀ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bẹ́líìtì ló dẹ̀. Bó bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tó sì tún bẹ̀rẹ̀ bí omi ṣe ń gbẹ, púlì kan ló yà kúrò lórí ìlà. Bí omi kò bá yí ohùn náà padà rárá, ẹ̀bi bẹ́líìtì kọ́ rárá nìyẹn.

Di irun rẹ. Bọ́ ohun ọrùn. Má jẹ́ kí ọwọ́ aṣọ rẹ gùn. Bẹ́líìtì tó ń yí kì í béèrè orúkọ kó tó gé ìka.

Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo gbé púlì lé ọ lọ́wọ́, o ní o kò fẹ́ kí epo yí ọ lọ́wọ́. Wàá wo ohun tó ń yí ọ lọ́wọ́ báyìí.

Ìyá rẹ kí ọ.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mi ò ní ìgò tó ń fọ́n omi, mo lo ife. Ẹ ní omi díẹ̀. Lójú tèmi, ife kan kéré. Bí mo ṣe dà á, bẹ́líìtì náà han tó bẹ́ẹ̀ tí ilé mẹ́ta fi ṣí fèrèsé. Bàbá kan jáde pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Omi náà ta síbi tí kò yẹ, ẹ́ńjìnnì kú, kò sì jí fún wákàtí kan gbáko. Aláìsàn mẹ́ta ni mi ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn láàárọ̀ náà. Ọ̀gá wa ti fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Ó ní òun kì í bínú sí mi, ṣùgbọ́n arúgbó tó ń dúró de oògùn kò mọ ẹ̀bi bẹ́líìtì yàtọ̀ sí ẹ̀bi nọ́ọ̀sì.

Bàbá, ká ní ẹ gbé fóònù ni, ẹ̀ bá sọ fún mi pé kí n dúró. Ìṣẹ́jú kan péré ló máa gbà.

Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí wá. Mo rò pé ẹ ṣì ń bínú pé mi ò jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi nìkan lẹ bí, ẹ sì ti kọ orúkọ sára pátákó, ẹ ní ti bàbá àti ọmọ. Nígbà tí mo yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo ń lọ, ẹ kò sọ nǹkan kan. Ní báyìí, ìbéèrè ọkọ̀ nìkan lẹ ń dáhùn. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ yìí ni ọmọ yín, ì bá ti jẹ̀gbádùn.

Ẹ má bínú pé mo kọ ọ́ báyìí. Ó ti pẹ́ nínú mi.

Sípánà

*

Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi ìyá rẹ ni. Fi ojú fo àwọn ìlà tí o rí lórí ìwé yìí, bébà tí mo fi ń gé àwòrán aṣọ ni. Apá ibi tí o ń kà yìí jẹ́ èjìká ẹnì kan. Bàbá rẹ ló ń tọ́jú bébà ìkọ̀wé, mi ò sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ̀wé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ìwé rẹ ti wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Á jókòó, á kọ ìlà méjì, á fà á ya. Mo ti gbá márùn-ún nílẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń bínú sí ọ.

Kò gbọ́ràn mọ́ ni, ọmọ mi.

Ó ti tó ọdún méjì tó ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí epo tó ń jò lábẹ́ ọkọ̀. Fóònù tó wà lápò rẹ̀ ń dún, òun ò gbọ́ ọ. Mo ní kó gbé e fún mi, ó ní fóònù ọkùnrin ni. Oníbàárà kan dé lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà ní, “Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Bàbá rẹ dá a lóhùn pé ọjọ́ mẹ́ta kéré jù, ó máa gba òun ní márùn-ún. Ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún.

Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ dé báyìí, àtẹ́lẹwọ́ ló ń gbé lé ẹ́ńjìnnì, á di ojú, á máa ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́n, nítorí náà ó ń rí i ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ní kó lọ sí ọsibítù, ó ní kò sóhun tó ṣe òun, pé àwọn ènìyàn ìsinsìnyí ni kì í lanu sọ̀rọ̀. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì. Wá ọgbọ́n dá sí i, ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun.

Jẹun dáadáa. Mo ti tú ìdí aṣọ náà padà.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà ọmọ bí èmi. Ẹ dárí ìwé tí mo kọ gbẹ̀yìn jì mí. Inú ló ń bí mi, mo sì fi ìwé ṣe ẹnu.

Mo ra ìgò tó ń fọ́n omi, mo tún un ṣe bó ṣe yẹ. Igbe ọjọ́ ife yẹn, omi tó pọ̀ jù ló mú kí bẹ́líìtì yọ̀. Bí mo ṣe fọ́n ọn, kí-kí-kí dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ka méje. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ni. Púlì kan ló yà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fura. Kí ló kàn kí n ṣe?

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí. Mo ní aláìsàn tuntun kan, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, yóò jẹ́ ẹgbẹ́ yín. Mo rò pé kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbà. Àwọn ohun tí mo fẹ́ bi í nìyí: ṣé díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, àbí ọjọ́ kan ṣoṣo? Ṣé etí méjèèjì ni, àbí ọ̀kan ju èkejì lọ? Ṣé ó ń hó nínú, àbí ó kàn dí bí ìgbà tí omi bá wọ̀ ọ́? Ṣé ó máa ń fi nǹkan ro ó? Bí ó bá dá mi lóhùn, ó ṣeé ṣe kí àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Mi ò kàn mọ bí n ṣe máa bi í tí kò fi ní rò pé mò ń fi òun ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ ọ̀rọ̀ àgbà.

Ọmọ yín,
Sípánà

*

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Sípánà,

Láti ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì, bí ènìyàn bá wá bá mi tó ní ọkọ̀ ọ̀rẹ́ òun ló ní ìṣòro kan, mi ò tíì rí ibi tí kì í ti í ṣe ọkọ̀ tirẹ̀. Mo sì rí bébà ìyá rẹ tí wọ́n ti gé èjìká ẹnì kan kúrò lára rẹ̀. Oníbàárà tó ni aṣọ náà ń wá èjìká rẹ̀.

Sọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ pé kó jókòó. Èmi á dáhùn fún un.

Díẹ̀díẹ̀ ni. Ti apá òsì ló kọ́kọ́ lọ, èyí ti lé ní ọdún márùn-ún, mo sì ń fi ti ọ̀tún bò ó. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ti ọ̀tún náà dí, bí ìgbà tí ènìyàn bá rì sómi. Mo ń ro ó. Igi ìṣáná ni mo ń lò, nígbà mìíràn súkúdíráfà kékeré. Má tíì pariwo.

Nígbà tí ìwé rẹ ti oṣù kẹta dé, mo kà á títí. O ní mi ò sọ nǹkan kan nígbà tí ò ń lọ. Òótọ́ ni. Mò ń wo ẹnu rẹ nígbà náà láti mọ ohun tí ò ń sọ, ẹkún sì ń dà ọ́ lẹ́nu rú, mi ò rí i kà. Mo kàn ń mi orí. Títí di òní, mi ò mọ ohun tí o sọ fún mi lẹ́nu géètì yẹn.

Mo bẹ̀rù fóònù. Mo bẹ̀rù pé wàá máa sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí èmi máa wí pé hẹ̀n, hẹ̀n, bí òmùgọ̀, kí o wá mọ̀ pé bàbá rẹ tí wọ́n ń pè ní Gbọ́hùn-mọ̀dí kò gbọ́ nǹkan kan. Ìwé kò ní ohùn. Nínú ìwé, ẹgbẹ́ ni wá.

Mi ò bínú sí iṣẹ́ tí o yàn. Pátákó náà ṣì wà níbẹ̀, ti bàbá àti ọmọ. Mi ò tíì rí ìdí tí n ó fi pa á rẹ́. Ọmọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pa rẹ́ nítorí pé ó lọ síbi iṣẹ́.

Ó yá, ká padà sórí iṣẹ́. Pa ẹ́ńjìnnì, yọ kọ́kọ́rọ́, fi í sápò ara rẹ. Wá rúlà gígùn tí kò tẹ̀. Gbé e kọjá lójú àwọn púlì náà, méjì-méjì. Àwọn tó wà lórí ìlà, rúlà á lẹ̀ mọ́ wọn. Èyí tó bá yọ síta tàbí tó wọnú, òun lọ̀daràn. Jẹ́ kí Pààrọ̀-gbogbo-ẹ̀ tú òun nìkan, kí o sì dúró tì í.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo ka ìwé yín nínú ọkọ̀ níwájú ilé aláìsàn. Mo ní láti jókòó síbẹ̀ díẹ̀ kí ojú mi tó gbẹ.

Ohun tí mo sọ lẹ́nu géètì ni pé kí ẹ má jẹ́ kí Ìyá máa dá ẹrù gbé. Mo sì ní ẹ ṣeun. Ìyẹn nìkan ni.

Mo gbé rúlà. Púlì kékeré tó wà lórí irin tó ń na bẹ́líìtì ló yọ síta, kò ju ìnípọn igi ìṣáná méjì lọ. Mo pe Pààrọ̀-gbogbo-ẹ̀ wá wò ó. Kò fẹ́ wò ó lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó wá wò ó, ó mú irin iṣẹ́ rẹ̀. Ó tú u. Wọ́ṣà méjì, àwọn irin pẹlẹbẹ oníhò, ló wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ṣáájú mi ló ti pààrọ̀ púlì náà rí, wọ́n sì fi wọ́ṣà kún un, bẹ́líìtì wá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bẹ̀rẹ̀ igbe. Ó yọ ọ̀kan, ó dì í le, mo ṣíná ọkọ̀.

Bàbá, ó dákẹ́. Mo rò pé ẹ́ńjìnnì kò jí.

Ọkùnrin náà bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni, ó fi lẹ́tà kọ́ mi. Ó wò mí bí ẹni tó ń purọ́, ó wá ní kí n bá òun béèrè ohun tó ń ṣe mọ́tò kan tó ti wà lọ́dọ̀ òun láti oṣù tó kọjá. Mi ò tíì gbà.

Ọ̀gá wa fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tuntun fún mi ní Ajé. Ọ̀gá ilé ìwé nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Mo wọlé wẹ́rẹ́, súìtì mẹ́ta ló wà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ó yẹ kí ènìyàn máa kan ilẹ̀kùn. Mo ti kàn án.

Ó kù tiyín. Súkúdíráfà, Bàbá. Ẹ jù ú sí àpótí irin, ẹ má sì jẹ́ kó súnmọ́ etí mọ́ láéláé. Ẹ lọ sí ọsibítù tó ń wo etí. Ẹ sọ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ fún mi, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Bí ti ọ̀tún bá kàn dí ni, wọ́n lè fọ̀ ọ́. Ti òsì, mi ò fẹ́ tàn yín, ariwo ẹ́ńjìnnì ogójì ọdún lè ti jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí Ìyá bá yín lọ. Bí ẹ kò bá lọ, èmi á kọ̀wé sí gbogbo oníbàárà yín.

Ọmọ yín,
Sípánà

*

Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Sípánà ọmọ mi,

A kú ewu bẹ́líìtì, a sì kú oríire ìwé iṣẹ́. Sọ fún Pààrọ̀-gbogbo-ẹ̀ pé kó kọ ohun tó ń ṣe mọ́tò náà sílẹ̀. Èmi náà ní ìbéèrè fún un.

Mo lọ. Ìyá rẹ ló fà mí lọ, ó di ọwọ́ aṣọ mi mú títí a fi dé iwájú dókítà, bí ẹni mú olè. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí sí bàtà mi. Ó fi iná wo inú etí ọ̀tún, ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé orí igi ìṣáná kan wà níbẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Ìyá rẹ ní òun mọ̀. Wọ́n fún mi ní epo tí mo ń kán sí i fún ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn náà wọ́n fi omi fọ̀ ọ́. Mi ò ní sọ ohun tó jáde fún ọ, o ṣì fẹ́ jẹun.

Ti òsì kò ní padà. O kò tàn mí, mo dúpẹ́. Wọ́n ní ariwo ló jẹ ẹ́, àti pé ó yẹ kí n ti máa dí i nígbà tí mo bá ń lu irin. Wọ́n ti wọn etí náà fún ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ran ìgbọ́ràn lọ́wọ́. Mo bi wọ́n bóyá ó ní bẹ́líìtì.

Ọ̀tún ńkọ́? Ó ṣí. Bí a ṣe jáde sójú títì, mo dì mọ́ ògiri. Mi ò mọ̀ pé ayé ń pariwo tó bẹ́ẹ̀. Bàtà mi ń dún. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí ọkọ̀ kan tí mo ti sọ pé ó ti dáa, tí oníbàárà fẹ́ wá gbé ní ọjọ́ kejì. Ó ń kan kọ-kọ-kọ nínú. Mo jókòó sórí táyà. Mo ronú kan gbogbo ọkọ̀ tó ti ti ọwọ́ mi kọjá láàárín ọdún méjì yìí. Mo lọ sílé àwọn tí mo rántí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n gbé e padà wá, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn láìfi nǹkan kan bò. Méje ló gbé e wá. Mẹ́ta nínú wọn ní àléébù lóòótọ́, mo sì ti tún wọn ṣe. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló bínú. Àwọn tó kù ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé mi ò gbọ́ràn, àwọn kàn ń gbé ọkọ̀ wá fún mi bẹ́ẹ̀ ni.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan fún ọ, má sọ fún ìyá rẹ.

Láti ọdún méjì yìí, mo ti rò pé nǹkan kan ti bàjẹ́ láàárín èmi àti ìyá rẹ. Ilé ti dákẹ́ jù. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bá mi sọ̀rọ̀, mo sì rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò bi í. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n fọ etí mi, mo padà láti ṣọ́ọ̀bù kí n wá mu omi. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ yàrá ìránṣọ, mo gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń kọrin. Ó ń bá aṣọ tó ń rán sọ̀rọ̀, ó ń bú òwú, á tún padà sórí orin náà. Mo wá mọ̀ pé kò dákẹ́ rí.

Orin náà kò dùn, ọmọ mi. Ìyá rẹ kò mọ orin kọ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo bọ́ bàtà mi kí ó má baà dún, mo sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ó fi rán apá méjèèjì tán.

Bàbá rẹ